Èènì Tí A Bù Sórí Àgbàdo ní Arzèkè

Abúlé Ìdí-Igbá,
lẹ́bàá Parakou.

Adépéjú Àkànkẹ́ ọmọ mi,

Bí ìwé yìí bá bá ọ ní àárọ̀, káàárọ̀ o. Bí ó bá jẹ́ ọ̀sán ni ó dé, káàsán. Bí ó bá sì jẹ́ pé Fàdílù awakọ̀ tí mo fi í rán kọ́kọ́ yà kí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ní Bohicon gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, tí ilẹ̀ fi ṣú kí ó tó dé Kútọnu, káalẹ́ o, má bínú sí i, ọmọ dáadáa ni. Mo kí ọ kú iṣẹ́ ìjọba, mo kí ọ kú ooru, mo kí ọ kú ariwo ọkọ̀, mo sì kí ọ kú ìnáwó. Òkun tí ẹ kọ́lé tì yóò máa bá tirẹ̀ lọ ní ipò rẹ̀, kò ní yà kí yín nílé. Àga tí wọ́n fún ọ jókòó ní ọ́fíìsì kò ní di àga ẹlòmíràn. Ìyá rẹ wà dáadáa, Ẹniọlá àbúrò rẹ náà wà dáadáa, ewúrẹ́ dúdú ti bímọ, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti ń jẹ aṣọ tí a bá sá. Èmi náà wà dáadáa, àfi pé ebi ń pa mí díẹ̀, màá sì sọ ohun tó fà á fún ọ bí ọ̀rọ̀ bá débẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà ìkórè. Ìwọ náà gbọ́ pé mo dúró níwájú Ràyhánátù, ìyá tó ń kọ́ Ẹniọlá ní iṣẹ́ aṣọ rírán ní àdúgbò Albarika ní Parakou, tí mo gbé ọwọ́ sókè, tí mo ní lọ́jọ́ tí ọmọ mi bá máa gba òmìnira lẹ́nu iṣẹ́, máṣíìnì tuntun tó jẹ́ tirẹ̀ ni yóò jókòó tì, àgbàdo mi ni yóò sì rà á. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́ títí. Ìyá rẹ nìkan ni kò pàtẹ́wọ́, ó ní ẹrù wà lọ́wọ́ òun, bẹ́ẹ̀ ni n kò rí ẹrù kankan. O mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é fún ọmọ tí kò ní máṣíìnì: wọ́n á yá a ní ti ọ̀gá rẹ̀ kí ó fi ya fọ́tò, bí ijó bá parí wọ́n á gbà á padà, ọmọ á wá máa jókòó sílé pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́, á máa tọrọ ìdí máṣíìnì lọ́wọ́ ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀. N kò fẹ́ irú rẹ̀ fún Ẹniọlá. Ọmọ náà ti ṣe sùúrù jù.

Ìdí nìyẹn tí mo fi bẹ Fàdílù kí ó bá mi bi ọ́ nínú pọ́tábù rẹ̀, fóònù tó ń mú kiri, pé báwo ni èèyàn ṣe lè rí owó gidi lórí àgbàdo, nígbà tó jẹ́ pé ìwọ lo lọ ìnífásitì tí o kọ́ nípa ọ̀rọ̀ ajé. Kò pẹ́, ohùn rẹ jáde. Mo kí ọ, o kò dáhùn. Mo ní ṣé àlàáfíà ni, o ṣáà ń bá tìrẹ lọ. Inú bí mi, mo ní ṣé ohun tí Kútọnu sọ ọmọ mi dà nìyí, kí bàbá rẹ̀ máa kí i kí ó má jẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n Fàdílù tẹ nǹkan kan, o sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, o sọ ọ́ bákan náà gẹ́lẹ́, kódà o wúkọ́ níbi tí o ti wúkọ́ lákọ̀ọ́kọ́. Ìgbà náà ni mo tó gbà pé òótọ́ pọ́ńbélé lò ń sọ, nítorí kò sí bí èèyàn ṣe lè máa purọ́ kí ó rántí ibi tó ti wúkọ́.

O ní nígbà ìkórè, gbogbo oko ló máa ń kó àgbàdo wá sọ́jà lẹ́ẹ̀kan náà, ọjà á kún, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń rà kò pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìyẹn ló ń mú kí owó rẹ̀ wálẹ̀. O ní kí n pa tèmi mọ́ di ìgbà òjò, tí àká àwọn èèyàn bá ti ṣófo, pé àwọn tó ń wá a ni yóò wá pọ̀ ju àgbàdo lọ nígbà náà, owó rẹ̀ á sì gòkè láìsí pé ẹnikẹ́ni tì í. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀ dáadáa. Ìyá rẹ jókòó nítòsí, ó ń ṣe òrí tó fẹ́ lọ tà.

Mo gbé ọ̀rọ̀ rẹ yẹ̀ wò, mo sì rí i pé o gbàgbé ibì kan, kì í ṣe ẹ̀bi rẹ, ọmọdé ni ọ́. Bí èmi bá pa tèmi mọ́, tí Sàrúmì tí oko wa jọ pààlà sì ń ta tirẹ̀, àǹfààní wo ló wà níbẹ̀? Ohun tó yẹ ni kí gbogbo abúlé fẹnu kò. Ni mo bá pe ìpàdé sábẹ́ igi igbá, katekísì ìjọ wa ṣe alága, mo sì sọ ohun tí o sọ fún wọn, mo tilẹ̀ wúkọ́ níbi tó yẹ. Gbogbo wọn ní o gbọ́n. A wá búra pé àgbàdo Ìdí-Igbá kò ní dé ọjà Arzèkè ní Parakou títí òjò fi máa dé, àti pé bí ó bá di dandan kí ẹnikẹ́ni tà, kò gbọ́dọ̀ ta abọ́ kan ní iye tó dín sí èyí tí a fẹnu kò lé. Bí a ṣe rí iye náà ni pé oníkálukú dárúkọ ohun tó fẹ́ rà lọ́dún náà, a ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, a sì gbé e lé abọ́ kọ̀ọ̀kan lórí. Sàrúmì fẹ́ ra alùpùpù, tirẹ̀ ló jẹ́ kí owó náà ga tó bẹ́ẹ̀. Ìyá rẹ tó gbé omi wá fún wa béèrè pé ṣé a ránṣẹ́ pe àwọn tó máa rà á kí àwọn náà wá jókòó. A rẹ́rìn-ín títí, katekísì fẹ́rẹ̀ẹ́ da omi sára. Ìyá rẹ mọ bí wọ́n ṣe ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín.

Kò tíì pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn ìbúra ni ọkàn mi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún mi pé Sàrúmì lè fẹ́ dalẹ̀. Kì í ṣe pé mo rí nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ o, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ ra alùpùpù máa ń kánjú. Mo pinnu pé màá lọ sí Arzèkè lọ ṣọ́ ọ, nítorí bí a ò bá ṣọ́ ìbúra, ó lè bàjẹ́. Èèyàn kò sì lè lọ sọ́jà lọ́wọ́ òfo kí àwọn èèyàn má baà fura, nítorí náà mo kó àpò àgbàdo mi dání, gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú èyí tí a fẹ́ máa jẹ nílé, kí ẹrù lè dọ́gba nínú ọkọ̀. Nígbà tí mo dé ìdí ọkọ̀ Fàdílù ní ìdájí, mo bá àpò Sàrúmì nínú ọkọ̀, Sàrúmì fúnra rẹ̀ jókòó sórí wọn, ó fi aṣọ bo orí. Ó ní òun ń lọ ṣọ́ èmi ni. Nígbà tó ku díẹ̀ ká gbéra, katekísì náà yọ pẹ̀lú ẹrù lórí kẹ̀kẹ́, ó ní òun ń lọ ṣọ́ àwa méjèèjì. Bí a ṣe dé Arzèkè báyìí, Adépéjú, ká má ṣì í sọ, gbogbo Ìdí-Igbá la bá níbẹ̀, tọmọdé tàgbà, oníkálukú dúró ti àpò rẹ̀, ó ń ṣọ́ ẹnì kejì. Inú mi dùn pé abúlé wa ní irú ẹ̀mí ìṣọ́ra bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ kì í ṣe àwa nìkan la wá. Àwọn ará Ndali wá, àwọn ará Tchaourou wá, àgbàdo kún ilẹ̀ débi pé àwọn aláàárù ń gun orí àpò kọjá. Àwọn tó fẹ́ rà rọra ń rìn kiri bí ẹni tó wá wo ìran. Bí wọ́n bá béèrè iye abọ́ kan, a ó sọ iye tí a búra lé, wọ́n á wò wá, wọ́n á ní kí Ọlọ́run bá wa tà á, wọ́n á sì kọjá sí ọ̀dọ̀ ará Ndali. Oòrùn gòkè, ẹnikẹ́ni kò rà. Níbẹ̀ ni mo ti rí i tí Sàrúmì wọn abọ́ kan fún obìnrin kan, ó gba iye tí a fẹnu kò sí gan-an, ó wá bu ẹ̀kúnwọ́ kan sí i, ó ní èènì ni. Mo ké sí katekísì. Katekísì ṣí fìlà, ó họ orí, ó ní owó la búra lé, kò sẹ́ni tó búra lórí èènì, àti pé èènì kì í ṣe títà, ọ̀yàyà ni, Ọlọ́run pàápàá fẹ́ ọ̀yàyà.

Bí mo ṣe gbọ́ bẹ́ẹ̀, mo bu ẹ̀kúnwọ́ méjì sí tèmi. Sàrúmì wò mí, ó bu mẹ́ta. Katekísì kò tilẹ̀ fi ọwọ́ bù ú mọ́, igbá ló gbé. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, èènì ti pọ̀ ju ohun tí wọ́n fowó rà lọ, bẹ́ẹ̀ bí o bá béèrè iye tí à ń ta abọ́ kan, gbogbo wa á fi ohùn kan ṣoṣo pariwo iye tí a búra lé. Ẹyọ owó kan kò yẹ̀ nínú rẹ̀. Orí mi wú, omi fẹ́ bọ́ lójú mi, nítorí n kò rí irú ìṣọ̀kan bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi.

Àwọn tó rà jù lọ́wọ́ mi ni àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin kan láti Albarika, gbogbo wọn fi okùn pẹlẹbẹ kan tó ní nọ́ńbà lára kọ́ ọrùn, mo sì rò pé ọ̀ṣọ́ tuntun tó wọ̀lú Parakou ni. Wọ́n á gbé ti àkọ́kọ́ lọ, wọ́n á tún padà dé, wọ́n á kúnlẹ̀, wọ́n á ní Bàbá Ẹniọlá, ẹ fi èènì sí i. Ìwọ wò ó, n kò tà ní Arzèkè ju ìgbà díẹ̀ lọ, wọ́n sì ti mọ orúkọ ọmọ mi. Mo bù ú fún wọn débi pé ó ń dà sílẹ̀. Ó dùn mí pé ìyá rẹ kò sí níbẹ̀ láti rí bí wọ́n ṣe ń bọ̀wọ̀ fún mi, láti ìdájí ló ti wọ alùpùpù lọ kí Ràyhánátù, ó ní òun kò fẹ́ dí wa lọ́wọ́.

Àpò tán, àti èyí tí à bá máa jẹ nílé. Nígbà tí mo ka owó tó wà lápò mi, mo rò pé mo ṣì í kà. Mo yẹ àwọn àpò wò bóyá eku dá wọn lu, kò sí ihò. Mo wo ojú àwọn aláàárù, ojú wọn mọ́. Owó náà kò tó ẹsẹ̀ máṣíìnì, ká má tíì sọ orí rẹ̀. Ti Sàrúmì kò ju táyà alùpùpù kan lọ. Síbẹ̀ nígbà tí a dé ilé, a ṣe ìdúpẹ́ ní ìjọ pé ẹnikẹ́ni nínú wa kò ba ìbúra jẹ́.

Òjò wá dé. Mo tún lọ sí Arzèkè lọ wo bí nǹkan ṣe rí, mo sì bá a pé owó abọ́ kan ti ga ju èyí tí a búra lé lọ, láìsí pé ẹnikẹ́ni jókòó sábẹ́ igi, láìsí àdúrà katekísì. Àwọn obìnrin ń ti ara wọn nídìí àpò bíi mélòó kan, ẹni tó ń tà á kò tilẹ̀ gbójú sókè wò wọ́n. Ọ̀rọ̀ rẹ ṣẹ, Àkànkẹ́. Ohun tó kàn ṣẹ́ kù ni pé àgbàdo kò sí lọ́wọ́ wa.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Ràyhánátù mú ọjọ́ òmìnira. N kò ní fi pamọ́ fún ọ, ẹ̀rù bà mí. Ẹniọlá wá kí wa nílé, ó fọ aṣọ mi, ó rán bọ́tìnì tó já, kò béèrè máṣíìnì lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, èyí ló sì dùn mí jù, nítorí mo mọ̀ pé ó ti mọ̀. Nígbà tó lọ tán, mo mú ara mi, mo lọ bá Ràyhánátù ní Albarika, mo dọ̀bálẹ̀ fún un pẹ̀lú ọjọ́ orí mi yìí, mo ní kí ó jọ̀wọ́ yá ọmọ mi ní máṣíìnì kan kí ojú má tì í. Ó fi ìbòrí bo ẹnu bí ẹni tí ikọ́ ń gbé. Ó ní kí n dìde, kí n lọ fọ agbádá mi, kí n ṣáà wá lọ́jọ́ náà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá ló bọ́ sí. Wọ́n ta àtíbàbà sójú títì, wọ́n lù, wọ́n jó. Mo jókòó sẹ́yìn. Wọ́n mú Ẹniọlá jáde pẹ̀lú aṣọ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán, wọ́n sì ká aṣọ kúrò lórí nǹkan kan tó wà níwájú rẹ̀, máṣíìnì tuntun ni, ó ń dán, wọn kò tíì já ọ̀rá ìdí rẹ̀. Ẹni tó ń darí ètò béèrè pé ta ló ra èyí fún ọmọ yìí. Mo ń wo ilẹ̀. Ìyá rẹ ló dìde. Ó ní kí wọ́n wo ẹ̀yìn, pé bàbá rẹ̀ ni ẹni tó jókòó sọ́hùn-ún, àgbàdo bàbá rẹ̀ ló rà á, gẹ́gẹ́ bó ṣe ṣèlérí. Gbogbo èèyàn yíjú sí mi, wọ́n pàtẹ́wọ́, ìyá rẹ náà sì pàtẹ́wọ́. Ẹniọlá sáré wá, ó dojú bolẹ̀ níwájú mi pẹ̀lú aṣọ òmìnira lọ́rùn. Adépéjú, mo sunkún. Mo sunkún bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú, n kò sì lè sọ fún ẹnikẹ́ni pé n kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Ojú ọ̀nà ilé ni mo tó bi ìyá rẹ. Ó ní òun kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní owó òrí òun lòun fún àwọn ọmọ iṣẹ́ Ràyhánátù lọ́jọ́ Arzèkè, pé kí wọ́n máa ra àgbàdo lọ́wọ́ Bàbá Ẹniọlá, bí wọ́n bá sì rí i pé àwọn ará Ìdí-Igbá yòókù ń bu èènì, kí wọ́n má gbàgbé wọn. Inú yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù Ràyhánátù ni wọ́n kó o sí. Ìgbà tó wọ́n lòun tó tà á. Ó ní òun náà ń gbọ́ ohùn rẹ lọ́jọ́ tí ò ń sọ̀rọ̀ nínú pọ́tábù, pé kí a pa á mọ́ lo wí, o kò sọ pé kí a pe ìpàdé.

Ohun tó kù lára àgbàdo náà ti wà nílé wa báyìí, gbogbo abúlé ló sì ń wá rà á lọ́wọ́ ìyá rẹ. Bí ó bá wọn abọ́ tán, á mú ọmọrọ́gùn, á fi gbá orí rẹ̀ pẹrẹsẹ, ẹyọ kan kò ní yọrí. Sàrúmì béèrè èènì, ìyá rẹ ní kí ó lọ wá a ní Arzèkè níbi tó gbé e sí. Èmi náà kò bọ́ nínú rẹ̀. O mọ̀ pé nílẹ̀ wa, ọkùnrin ló ń gbé ọkà wá sí ilé ìdáná, obìnrin á wá sè é, ti èmi sì ti bá èènì lọ. Ìyá rẹ ní òun yóò sè é, òun yóò sì bu ọbẹ̀ sí i dáadáa, ṣùgbọ́n kí n ra àgbàdo náà bí àwọn ẹgbẹ́ mi ṣe ń rà á. Ó ń fún mi ní ẹ̀kọ mímu láàárọ̀ nítorí Ọlọ́run, alẹ́ ni iṣẹ́ wà. Ó ní bí mo bá lè fara dà á di oṣù tó ń bọ̀, àgbàdo tuntun á jáde, owó á sì wálẹ̀. Mo bá ikùn mi sọ ọ́, ó kọ̀.

Nítorí náà, ọmọ mi, jọ̀wọ́ fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kí n lè ra àgbàdo lọ́wọ́ ìyá rẹ. Má fi sínú pọ́tábù tirẹ̀ o, èyí tó bá wọlé síbẹ̀ kì í jáde mọ́, ti Fàdílù ni kí o gbà. Kí o sì ṣa owó tí kò tíì gbó sí i, kí ó má baà há sọ́nà. Fàdílù ya fọ́tò wa ní ìdí máṣíìnì, ó ní òun ti fi ránṣẹ́ sí ọ, má gbà á gbọ́, mo wo inú pọ́tábù náà lánàá, fọ́tò ṣì wà níbẹ̀. A ó tún ṣe ìpàdé lọ́dún yìí, èmi ni wọ́n fi ṣe alága, a fẹ́ búra lórí èènì náà. Ìyá rẹ ní kí n tètè sọ ọjọ́ ìpàdé fún òun, kí òun lè tètè kó owó òrí òun jọ. Inú mi dùn pé ó ti ń fọkàn sí ọ̀rọ̀ abúlé.

Kí Ọlọ́run bùkún ọwọ́ tí o fi ń jẹun àti èyí tí o fi ń fún bàbá rẹ. Kí ó mú ọkọ rere kàn ọ́, ẹni tí kì í bẹ̀rù bí ìyàwó rẹ̀ bá gbọ́n jù ú. Bí ó bá sì jẹ́ pé irú bàbá rẹ ni yóò mú wá, kí Ọlọ́run fún ọ ní irú ọkàn tí ìyá rẹ ní, kí o lè dìde níwájú gbogbo ayé lọ́jọ́ tí ojú bá fẹ́ tì í. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Àjàyí,
ẹni tí àgbàdo rẹ̀ ra máṣíìnì fún Ẹniọlá.